Garawa Inú Kànga àti Ilẹ̀ Abẹ́ Òkun

Okùn já mọ́ Màámi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, garawa sì lọ. A gbọ́ bó ṣe balẹ̀ sórí omi, a gbọ́ bó ṣe ń mu omi gbúlúgbúlú, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Màámi di etí kànga mú, wọ́n yọjú wo ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ó tún ti gbé ọ̀kan mì."

"Ó tún" yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Kànga ilé wa ní Ìlàrè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá mi ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó fi òrùlé lé ilé. Rìǹgì kọ̀ǹkéré ló wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó tó mítà 7 láti etí rẹ̀ dé ojú omi, omi ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò sì ju mítà 2 lọ. Ìwọ̀nba ohun tí mo lè rí láti òkè kò ju ojú omi lọ, àti ojú ara mi nínú rẹ̀, róbótó.

A ní ìwọ̀. Irin ẹlẹ́nu mẹ́rin ni, a so ó mọ́ okùn. Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ wá garawa rí mọ̀ pé ọwọ́ ni ènìyàn fi ń ríran níbẹ̀. Ẹ ó sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó wọ́ ọ díẹ̀, ẹ ó tẹ́tí bóyá irin kan irin. Nígbà mìíràn yóò kan nǹkan, kó-kó, ọkàn yín á fò. Ẹ ó fà á sókè, okùn á fúyẹ́. Odidi wákàtí kan ni mo fi ṣe é. Kò sí ohun tí mo rí fà jáde ju ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìwọ̀ lẹ́nu.

Ohun tó dùn mí ni pé iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá gbé dúróònù jáde, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé mi bí ẹni tẹ̀lé eégún. Ilẹ̀ tó bá wù kó jẹ́, màá ya àwòrán rẹ̀ láti òkè lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n jọ, ilẹ̀ náà á sì yọ lójú ẹ̀rọ tòkè tòkè, tihò tihò, tí mo lè máa yí kiri bí ẹni yí iṣu wò lọ́jà. Mo lè sọ fún yín bí ẹ̀yìn ọgbà kan ní ọ̀nà Ìbàdàn ṣe ga ju iwájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò tó mítà 10 sí ilé ìdáná ìyá mi, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní kámẹ́rà kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń dè mọ́rí, ó sì ní àpótí ike tí omi kì í wọ̀. Mo fi rọ́bà de tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi okùn sọ ọ́ sílẹ̀, mo ka ení, èjì títí dé ọgọ́ta, mo fà á sókè. Nígbà tí mo wo fídíò rẹ̀, funfun báláú ni. Kì í ṣe dúdú o, funfun. Ohun tí dẹ́rẹ́bà máa ń rí nìyẹn tó bá tan iná gíga nínú kùrukùru àárọ̀ ní ọ̀nà Iléṣà: bó ṣe ń tanná sí i ni kò ríran sí i. Iná tọ́ọ̀ṣì mi ń kan àwọn ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó léfòó níwájú kámẹ́rà gan-an, wọ́n sì ń dá a padà sí kámẹ́rà lójú kó tó dé ibi tí mo ń wò.

Àwọn tó ń ya àwòrán nínú òkun ti mọ ọgbọ́n èyí tipẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí iná àti kámẹ́rà sùn sórí ẹní kan náà. Wọ́n á na apá irin jáde, wọ́n á gbé iná sí orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Louis Boutan ti ń bá ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ abẹ́ omi wọ̀yá ìjà láti 1893, ní Banyuls, létí òkun Mẹditaréníà. Kò sí tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi láyé ìgbà náà. Àgbá onígi ló wá, ó fi ọ́síjìn sínú rẹ̀, ó gbé àtùpà lé e lórí, ó fi ìgò dé àtùpà náà, ó wá ń fẹ́ ìyẹ̀fun màgnísíọ̀mù sójú iná kó lè bù yẹ̀rì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ẹni tó gbé àtùpà wọ òkun lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó kàn ra kámẹ́rà lọ́jà.

Omi tún ní ìwà mìíràn: ó ń jẹ àwọ̀. Pupa ló kọ́kọ́ máa ń gbé mì. Ẹni tó wọ aṣọ pupa rì sínú òkun, kó tó rìn jìnnà ju mítà 10 lọ, aṣọ náà á ti dúdú. Àwọ̀ aró ló máa ń pẹ́ jù. Tó bá di mítà 200, ìmọ́lẹ̀ òòrùn tó kù kò tó nǹkan mọ́. Tó bá kọjá 1,000, òkùnkùn biribiri ni. Bẹ́ẹ̀, tí a bá pín jíjìn òkun dọ́gba, ó tó nǹkan bí mítà 3,700. Èyí túmọ̀ sí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé yìí, òòrùn kò rí i.

Mo so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí igi kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo so kámẹ́rà mọ́ orí kejì. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀ báyìí ni Màámi, tí wọ́n ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ní:

"Omi tí o ti ń fi ìwọ̀ rú láti àárọ̀, o wá fẹ́ rí inú rẹ̀ nísinsìnyí?"

"Ó di ọ̀la nìyẹn, mà."

"Ó di ọ̀la. Gbé kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn, lọ bá mi pọnmi nílé Ìyá Kẹ́hìndé."

Mo pọnmi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ronú nípa òkun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún bíi mẹ́fà sẹ́yìn, mo kọ̀wé wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń wọn ìsàlẹ̀ omi. Ọkùnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ka ìwé mi tán, ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré: ṣé mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, àti pé níbo ni Ifẹ̀ ti bá òkun pàdé? Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, a túká. Inú mọ́tò ni ìdáhùn ìbéèrè kejì ti wá sọ́kàn mi, nígbà tí mo ti ń padà bọ̀ wálé, bí ìdáhùn gidi ṣe máa ń ṣe.

Níbo ni Ifẹ̀ ti bá òkun pàdé? Níbi ìpìlẹ̀ ni. Ọmọ Ifẹ̀ wo ni wọn ò sọ ọ́ fún? Omi ló bo gbogbo ayé. Ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀run, erùpẹ̀ wà nínú ìkarahun ìgbín, adìẹ oníka márùn-ún wà ńlẹ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ ń tàn án, ilẹ̀ ń fẹ̀. Agẹmọ ni wọ́n ní kó lọ tẹ ilẹ̀ náà wò bóyá ó ti le. (Awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ọmọdé sọ agẹmọ lókùúta lójú mi.) Olókun, tó ni omi yẹn tẹ́lẹ̀, kò sì kúrò láàárín wa. Èkó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí wa, síbẹ̀ Igbó Olókun wà nílùú yìí. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni Frobenius, olùwádìí ará Jámánì tó wá ní 1910, ti bá orí idẹ tí a mọ̀ sí Orí Olókun pàdé.

Ohun tí ìtàn náà kò sọ fún wa ni bí omi yẹn ṣe jìn tó kí adìẹ tó dé.

Títí di ìgbà tí kò tíì pẹ́ rárá, bí a ṣe ń wá garawa ni gbogbo ayé ṣe ń wá ìsàlẹ̀ òkun. Okùn ni. Ọkọ̀ àwọn ará Bìrìtìkó kan, HMS Challenger, yí ayé po láti 1872 sí 1876, ó ń so ìwúwo mọ́ okùn, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1875, nítòsí erékùṣù Guam, okùn náà lọ, ó lọ, ó kọjá mítà 8,000 kó tó balẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibi tí wọ́n wọn nínú ibú kò tó 500. Ẹ fojú inú wò ó: kí ènìyàn fi ìwọ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà níbi kan tàbí méjì láti inú ìkùukùu, kó wá ya máàpù.

Ohùn ló tú wa sílẹ̀. Ohùn a máa sáré nínú omi ju bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé, nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ á ké, á sì dúró de gbohùngbohùn. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó padà, méjì ló fi lọ, méjì ló fi bọ̀, ó di mítà 3,000. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí, tí wọ́n ń pè ní multibeam, kì í ké lẹ́ẹ̀kan síbì kan. Ó ń tan ohùn náà bí abẹ̀bẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ̀ sì ṣe ń lọ ni yóò máa gbá ilẹ̀ lọ bí ìgbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Abẹ̀bẹ̀ yẹn a máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń jìn. Tí ọkọ̀ bá wà lójú omi tí ilẹ̀ sì wà ní mítà 4,000 nísàlẹ̀, ìtànṣán ohùn kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní dígírì kan á bo ilẹ̀ tó tó mítà 70. Ilé wa, kànga wa, ilé Ìyá Kẹ́hìndé, ibi tí fúkáná́ísà jókòó sí, gbogbo rẹ̀ á di àmì kan ṣoṣo lórí máàpù. Òkè ńlá ni ohùn mọ̀. Kò mọ garawa. Ẹni tó bá fẹ́ rí garawa gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà lọ bá a níbẹ̀, mítà mélòó kan péré sí i, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú iná tirẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì ló ń ṣe èyí fún wọn báyìí. Àwọn kan ní okùn, àwọn kan ń dá lọ dá bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá fi òkun aláwọ̀ aró orí Google Earth hàn mí tó ní, "Ṣebí wọ́n ti ya á tán," ó máa ń bí mi nínú díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìfojúdíwọ̀n ni. Òkè abẹ́ òkun a máa fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ojú òkun á wú sókè díẹ̀ níbẹ̀, sátẹ́láìtì á wọn wíwú yẹn, wọ́n á sì sọ pé òkè wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni rí i pé aṣọ yọ síta, tó ní nǹkan wà nínú àpò. Òótọ́ ni, nǹkan wà níbẹ̀. Kí ni? Iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Seabed 2030 bẹ̀rẹ̀ ní 2017, láti fi ohùn wọn gbogbo ìsàlẹ̀ òkun tán. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ti wọn dáadáa kò ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2025, ó di 27.3. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ti kámẹ́rà ló wá kéré jọjọ. Ní ọdún 2025 kan náà, àwọn olùwádìí ṣírò gbogbo ibi tí ojú ènìyàn tàbí kámẹ́rà ti rí nísàlẹ̀ òkun tó jìn ju mítà 200 lọ: kò tó ìdá kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò tó ìdajì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo tún ìlà yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Bí ẹni jáde ní Ifẹ̀, tó rìn dé Òṣogbo, tó wá padà sílé tó ní òun ti mọ ayé.

Nínú gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, Marie Tharp ni mo yàn láàyò. Ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1920. Wọn kò gba obìnrin láyè nínú ọkọ̀ ìwádìí nígbà náà, àwọn ọkùnrin ló ń lọ sójú òkun, tí Bruce Heezen, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, sì ń kó ìwọ̀n wálé fún un. Ó jókòó sídìí tábìlì ní New York, ó ń fi yíǹkì àti rúlà ya ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì láti inú ìwọ̀n ẹlòmíràn. Ọ̀wọ́ òkè gígùn tó wà láàárín òkun náà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí òun rí ni pé àfonífojì là á láàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni fi àdá la iṣu. Ó sọ fún Heezen. Heezen ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ohun tó dá Marie láre, okùn tó já ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ síbí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mo ń fi máàpù ilẹ̀ kan ránṣẹ́ sí oníbàárà mi, íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo bú àwọn tí mo ra dátà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS ní ìkángun àdúgbò ní tòun náà kò lọ, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, wọ́n dúró tì í bí ẹni tó gbé òkú wá. Ìgbà tó di alẹ́ la gbọ́: okùn mẹ́rin ló já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀. Kòtò gígùn kan wà níwájú Àbíjàn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá èbúté tó sì wọ inú ibú lọ. Àwọn Faransé ń pè é ní Trou Sans Fond, Ihò Tí Kò Nísàlẹ̀. Ó nísàlẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni okùn rẹ̀ kò gùn tó. Irú kòtò báyìí ni ẹrẹ̀ àti iyanrìn máa ń gbà ya lọ sínú ibú, ohunkóhun tó bá sì dùbúlẹ̀ sọ́nà á bá a lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun lè na ọwọ́ dé Ìlàrè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 1929. Ilẹ̀ mì lẹ́bàá Newfoundland ní Kánádà, okùn tẹlígíráàmù méjìlá já. Àwọn kan já lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ jù ló já kẹ́yìn. Ní 1952, Heezen kan náà àti Maurice Ewing, onímọ̀ bíi tirẹ̀, kó wákàtí tí okùn kọ̀ọ̀kan já jọ, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹrẹ̀ ló ya tó ń sáré bí mọ́tò gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá. Okùn tó já di ohun èlò ìwọ̀n! Nítorí kí okùn má bàa máa já bẹ́ẹ̀ ni Heezen ṣe ní kí wọ́n fi àmì sí ibi gbogbo tí ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ òkun. Nígbà tí wọ́n gbé máàpù ìmìtìtì yẹn lé ti Marie lórí lórí tábìlì oníná, àwọn àmì náà tò sínú àfonífojì rẹ̀ bí ẹni to àgbàdo sínú ebè.

Síbẹ̀ àwọn kan kò gbà. Jacques Cousteau, oníkámẹ́rà inú òkun tí ayé mọ̀, wà lára wọn. Ó fi okùn fa kámẹ́rà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ la Àtìláńtíìkì kọjá, ó fẹ́ fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àfonífojì náà wà níbẹ̀. Ní 1959 ó gbé fíìmù rẹ̀ wá síwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ òkun ní New York, ó fi hàn wọ́n. Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ohùn la fi ń mọ̀, kámẹ́rà la fi ń gbàgbọ́ nìyẹn. Obìnrin tí kò tíì rí ìsàlẹ̀ òkun rí ló mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ń gbénú omi ló wá jẹ́rìí sí i.

Kí ló wà nínú àfonífojì yẹn tí ilẹ̀ fi ń mì níbẹ̀? Ilẹ̀ ló ń fẹ̀. Àpáta yíyọ́ ń jáde láti ìsàlẹ̀, ó ń dì, ó ń ti ti tẹ́lẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti Bràsíìlì ṣe ń jìnnà síra wa, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí. Ta ni yóò wá ṣàlàyé fún mi pé ilẹ̀ ń fẹ̀ lórí omi? Mi ò sọ pé ìtàn wa àti ti wọn, ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà, ara mi sì kì í gba àwọn tó máa ń sọ pé gbogbo sáyẹ́ǹsì ti wà nínú Ifá. Ó kàn dùn mọ́ mi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, mo sọ kámẹ́rà sílẹ̀. Omi ti tòrò. Ọgbọ́n bí a ṣe ń sọ àwòrán di ohun tó ní òkè tó ní ìhà kò ju ti ojú méjì lọ. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, ẹ di ojú kan, ẹ ṣí i, ẹ di èkejì: àtàǹpàkò á fò lára ògiri. Ohun tó wà nítòsí á fò púpọ̀, èyí tó jìnnà á fò díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á mú ojúkò kan, bí òpó etí garawa, á wá a nínú àwòrán mẹ́wàá tí a yà láti ibi mẹ́wàá, á sì fi bó ṣe fò ṣírò ibi tó wà. Ṣùgbọ́n àwòrán gbọ́dọ̀ gun orí ara wọn dáadáa, ìdá 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bí káfíńtà ṣe ń fi páànù gun páànù kí òrùlé má bàa jò. Mo ń yí okùn díẹ̀díẹ̀, mo ń gbé e sókè, mo ń gbé e sísàlẹ̀, ọwọ́ ń ro mí. Nígbà tí mo yọ àwòrán jáde nínú fídíò, ó lé ní 300. Àwọn tó ṣe ti Titanic ní 2022, nísàlẹ̀ mítà 3,800, ya 700,000 ó lé, wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ náà lódindi sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ráhùn mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ní kí láptọ́ọ̀pù máa ṣírò. Ó ṣe é dé ìdá 61, wọ́n mú iná lọ, bátìrì mi sì ti di arúgbó. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Nígbà tó parí, mo rí garawa, inú mi dùn, mo wọn ẹnu rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 40. Irú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ra méjèèjì pọ̀. Mo wọn ọ́n, 30 ni. Garawa kì í dàgbà nínú omi. Ó tó wákàtí kan kí n tó rántí: mo ti fi gígùn okùn pinnu bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí ilẹ̀, mo sì lo ìwọ̀n ojú kámẹ́rà bó ṣe rí ní gbangba afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ a máa ṣẹ́ nígbà tó bá ń ti inú omi bọ́ sínú àpótí kámẹ́rà, bí igi ṣe máa ń dà bíi pé ó ṣẹ́ nínú agbada omi, ohun gbogbo á sì tóbi ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí i. Ọgbọ̀n di ogójì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gbé ọ̀pá ìwọ̀n sínú omi kí ó wà nínú àwòrán. Èmi lo garawa, mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé 30 ni, ohun gbogbo sún wá sáyè wọn.

Ìsàlẹ̀ kànga wa kò tẹ́jú. Ẹrẹ̀ gíga wà ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, kòtò sì wà láàárín, ibi tí omi ti ń sun. Garawa mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tiwa nìdúró, ó dà bíi pé wọ́n gbé e kalẹ̀ ni, okùn rẹ̀ ká lé e lórí bí ejò. Ọ̀kan dojú dé. Ìkẹta fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yọ sókè. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan wà ńlẹ̀, agolo mílíìkì kan, àti nǹkan gbọọrọ kan tí mi ò mọ̀. Mo rántí ọkọ̀ òfuurufú Màléṣíà tó sọnù ní 2014. Wọ́n wá a nísàlẹ̀ òkun Íńdíà dé bíi 120,000 kìlómítà níbùú lóròó, wọn kò rí i. Ọkọ̀ ojú omi méjì tó ti rì láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bá pàdé, àti òkè àti àfonífojì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo yí i fún wọn sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Wọn kò sọ pé ó dára. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n fi ìka kan ojú ẹ̀rọ.

"Ibẹ̀ yẹn, ọ̀pá ìnulẹ̀ wa ni, ẹ̀yin ọmọdé lẹ jù ú síbẹ̀. Bàbá yín nà yín lọ́jọ́ náà."

Nǹkan gbọọrọ tí mi ò mọ̀ ni wọ́n ń wí: ọ̀pá tí a fi ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo ya àwòrán, mo wọn ọ́n, mo mọ̀ pé ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 87. Mi ò mọ̀ ọ́n.

"Èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yìí ńkọ́, mà?"

Wọ́n wò ó pẹ́. "Bá mi yí i sápá ibí. Èyí kì í ṣe tiwa. Èyí tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ rẹ kò lè fi hàn?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kámẹ́rà kò lè wọ ẹrẹ̀. Pé nínú òkun, ohùn tó bá rẹlẹ̀ dáadáa ni wọ́n máa ń lò, òun ló lè gba inú ẹrẹ̀ lọ kó tó padà. Wọ́n ní kí n lọ mú ìwọ̀ wá.

Mo ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà báyìí. Mo dúró sí apá ìwọ̀-oòrùn, mo sọ ìwọ̀ sílẹ̀, mo wọ́ ọ bọ̀ díẹ̀ sápá òsì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́ nǹkan, ó wúwo. Mo fà á. Kì í ṣe tiwa ló gbé jáde. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀ bámú. Màámi dà á nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ọwọ́ pa ìdí rẹ̀ títí ọ̀dà pupa kan fi yọ, lẹ́tà méjì tí ẹnìkan fi búrọ́ọ̀ṣì kọ.

"Ìyá Ṣadé," ni wọ́n wí. "Iyàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ. Obìnrin yẹn fẹ̀sùn kàn mí títí ó fi kó lọ sí Òndó. Ó ní èmi ni mo jí garawa òun."

Wọ́n gbé e dojú dé sórí ògiri ọgbà kó lè gbẹ. Wọ́n ní kí n wá nọ́ḿbà Ṣadé fún àwọn.